Àmì Kan Péré Tí Mo Gbójú Fò

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má ṣèyọnu láti wá orúkọ mi. Alámì ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, ẹ jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀.

Àmì ohùn ló bí orúkọ náà. Mo ń tẹ̀wé fún àwọn èèyàn nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan: kọ̀ǹpútà méjì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, àga onírin mẹ́ta. Ìwé ìsìnkú, lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, ìwé àdéhùn ilé, kò sí èyí tí kì í gba ọwọ́ mi kọjá. Àwọn atẹ̀wé yòókù máa ń tẹ Yorùbá tiwọn ní ìhòòhò, kò sí àmì lókè, kò sí nísàlẹ̀. Mo ti rí ìwé ìsìnkú tí wọ́n fẹ́ kọ "ọkọ rere" sí, tó jẹ́ "oko rere" ló jáde. Opó sọkún títí, ó ka ìwé náà, ó bú sẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. Irú ẹ̀ kò lè ti ọwọ́ mi jáde láéláé.

Èmi yìí kan náà ni mo fi ojú mi méjèèjì wo ọ̀rọ̀ kan tí kò lámì, tí mo mọ ohun tó lè dà, tí mo sì ní kí ẹni tó kọ ọ́ fi ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ ọ́.

Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi jù mí lọ. Nígbà tí ìyá wa kú, àwọn ni wọ́n gbé mi pọ̀n, ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ló bọ́ mi tó sì rán mi nílé ìwé. Nígbà tí ọkọ mi ní òun ò ṣe mọ́, ọ̀dọ̀ wọn ni mo gbé àpótí mi padà sí. Ọkọ tiwọn ti kú tipẹ́, wọn ò sì bímọ. Àwa méjì, yàrá méjì, pálọ̀ kan. Láràárọ̀, wọ́n á kan ilẹ̀kùn mi lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní, "Jòjòló, ilẹ̀ ti mọ́." Orúkọ tí ìyá wa fi ń pè mí nìyẹn. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, mo ṣì ń jẹ́ Jòjòló nílé.

Ọkùnrin kan wá wà. Káfíńtà ni. Òun ló kan tábìlì tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń gé aṣọ. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ẹ̀rọ ìlagi sì ti gba etí rẹ̀ tán, ariwo tó fi ọgbọ̀n ọdún gbọ́ kò jẹ́ kó gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Nígbà tó kó lọ sí ìlú tí ọmọ rẹ̀ wà, kò lè fi fóònù pe ẹnikẹ́ni. Ímeèlì ló ń fi ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù mi. Èmi ni mo ń kà á fún ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo ń tẹ èsì wọn padà.

Ẹ ó ti rí i pé mi ò fi "wọ́n" pè é. Àgbà ni o, ó sì yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Owú ni kò jẹ́ nígbà náà, bí mo sì ṣe ń pè é nígbà náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà rẹ̀ gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e délé. Ẹ̀gbọ́n mi ń gé aṣọ lọ́wọ́.

"Kà á fún mi," wọ́n ní. "Ọwọ́ mi dí."

Mo kà á. Ó béèrè bí ara ṣe le. Ó sọ ti òjò. Ó wá ní òun fẹ́ kí àwọn méjèèjì di tọkọtaya, kí wọ́n fi ìyókù ọjọ́ ayé wọn bá ara wọn gbé. Ó ní, "Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Ẹ lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ná, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ èsì sí mi. Irú ọ̀rọ̀ báyìí, mi ò fẹ́ kó gba ọwọ́ ẹnì kẹta."

Àlùmọ́gàjí ẹ̀gbọ́n mi dúró láàárín aṣọ.

"Ẹnì kẹta tó ń wí yẹn, èmi ni," mo ní, mo fi ń ṣeré.

Wọn ò rẹ́rìn-ín. "Tún ibẹ̀ kà."

Mo tún un kà.

"Ibo ni wọ́n ti ń kọ́ nǹkan náà?"

"Kí lẹ fẹ́ wá kiri sí? Èmi ò lè kọ́ yín ni?"

"Ìwọ kẹ̀? O ò ní sùúrù. O máa gbà á lọ́wọ́ mi, o máa tẹ̀ ẹ́ fún mi ni."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbàlagbà, ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn iṣẹ́.

Ẹni tó ń kọ́ wọn ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́tà gbígbé. Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè é. Ó máa ń sọ pé lẹ́tà ni òun fi gbogbo ayé òun gbé kiri, nígbà tí lẹ́tà wá kó sínú ẹ̀rọ, òun náà bá a wọ ibẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ò ju mẹ́fà lọ. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, àti dírẹ́bà kan, àti Wẹ́dà, àgbà ọkùnrin kan tó ń tẹ bọ́tìnì bí ẹni ń lu irin.

Ẹ̀gbọ́n mi á dé, wọ́n á máa ròyìn.

"Tíṣà ní ká di eku mú. Dírẹ́bà wo abẹ́ tábìlì!"

Tàbí, "Ó ní ká ṣí fèrèsé, Wẹ́dà dìde, ó lọ ṣí tara ògiri."

A jọ rẹ́rìn-ín. Lóòótọ́ ni mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo tún rí i pé wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì ya gbogbo bọ́tìnì kọ̀ǹpútà sórí tábìlì ìgéṣọ wọn, A síbí, S sọ́hùn-ún, wọ́n sì ń fi ìka tẹ igi lásán bí oúnjẹ bá ń bẹ lórí iná. Wọ́n ń kọrin lábẹ́ ọ̀fun. Wọ́n rán aṣọ tuntun kan fún ara wọn, aláwọ̀ ewé, wọn ò sọ ibi tí wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ. Lọ́jọ́ kan mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fi téèpù wọn ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, ní gígùn àti ní ìbú, bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè wọ inú ọkọ̀.

Mo wọ yàrá mi, mo jókòó. Bí wọ́n bá lọ, ta ni yóò máa kan ilẹ̀kùn mi? Ọ̀rọ̀ yẹn ni mò ń rò ṣáá, mi ò sì sọ ọ́ jáde rí.

Tíṣà bá kálukú wọn ṣí ímeèlì tirẹ̀, ó ní kí wọ́n yan ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tí wọn ò ní gbàgbé, kí wọ́n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe gbé ẹsẹ̀ kan wọlé báyìí, wọ́n sọ ọ́ fún mi.

"Jojolo ni mo fi sí i. Kí ló tún wà tí mi ò lè gbàgbé?"

"Ṣebí wọ́n ní kẹ́ ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ìwọ ni ẹnikẹ́ni?" wọ́n ní, wọ́n sì lọ ro ọbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì kan, lọ́wọ́ ọ̀sán, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ti wọ awò ojú wọn láti ẹnu ọ̀nà.

"Dìde níbẹ̀. Má fọwọ́ kan nǹkan kan. Kàn dúró."

Mo dìde. Wọ́n jókòó, wọ́n fi ìka kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá wá lẹ́tà kan títí tí wọ́n rí i, wọ́n á ní, "Ẹn-hẹ́n, ìwọ lo sá pamọ́ síbẹ̀ yẹn?" Ó gba ogún ìṣẹ́jú. Ohun tí wọ́n kọ nìyí, bó ṣe wà lójú kọ̀ǹpútà gẹ́lẹ́:

"Mo ti ko o. E ma fi ise ran aburo mi si mi mo. E se gan ni."

"Ọ̀rọ̀ tó bi yín ńkọ́?" mo ní. "Ẹ ò ní dá a lóhùn ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kó kọ́kọ́ mọ̀ pé mo ti kọ́ kọ̀ǹpútà. Ṣé ẹnu ọ̀nà ni èèyàn ti ń pariwo bẹ́ẹ̀ ni? Tó bá ti fèsì, màá sọ ìyókù. Èmi àti ẹ̀ tààrà."

Mo tẹ̀ síwájú, mo kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Iṣẹ́ mi ni. Èmi kì í gbójú fo irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Mo ti kọ́ ọ. Ohun tó wà lọ́kàn wọn nìyẹn. Wọ́n ti kọ́ kọ̀ǹpútà, kó má fi iṣẹ́ rán mi sí wọn mọ́, wọ́n lè ka tiwọn fúnra wọn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà níbì kan tó ti ń retí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ láti ọjọ́ yìí. Kí lòun yóò kà? Mo ti kọ̀ ọ́. Ẹ má fi iṣẹ́ rán àbúrò mi sí mi mọ́. Ẹ ṣé gan-an ni. Ilẹ̀kùn ni wọ́n tì mọ́ ọn lójú yẹn, pẹ̀lú ìdúpẹ́.

"Alámì," wọ́n ní. Wọn kì í pè mí bẹ́ẹ̀, wọ́n ń fi mí ṣeré ni. "Tíṣà ò tíì kọ́ wa ní àmì. Ìwọ tó o mọ̀ ọ́n, ṣé ó pé bẹ́ẹ̀? Àbí nǹkan kan kù?"

Ohun tó kù ò ju igi tíńtín kan lórí ọ̀rọ̀ kan lọ. Kí n na ọwọ́, kí n tẹ̀ ẹ́, ó parí.

"Ó pé," mo ní. "Ẹ fi ránṣẹ́."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn, wọ́n sì dìde lọ bí ẹni tó yege ìdánwò.

Mo sọ fún ara mi pé mi ò ṣe nǹkan kan. Mi ò parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, mi ò yí ọ̀rọ̀ padà. Bó bá yé e, ó yé e. Ohun tí èèyàn ò fọwọ́ kàn, ta ló fẹ́ tìtorí ẹ̀ mú un? Bí mo ṣe ń bá ara mi rojọ́ nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ jojolo, mo wọ ímeèlì ẹ̀gbọ́n mi. Èsì ti dé.

"Mo rí iṣẹ́ yín. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yín ni láti kọ̀. Mi ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń retí kí n mọ nǹkan kan lára, ìbẹ̀rù ni o, ayọ̀ ni o. Kò sí nǹkan kan. Ara mi kú bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé jù. Mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń pa nǹkan rẹ́. Ó lọ. Oníbàárà kan wọlé, ó ní kí n ṣe ẹ̀dà ìwé ìbí ọmọ òun mẹ́rin. Mo ṣe é fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀gbọ́n mi ti kíláàsì dé. "Àpótí lẹ́tà mi ṣófo."

"Bóyá kò tíì rí i," mo ní.

Ọjọ́bọ̀: "Ó ṣì ṣófo."

"Bóyá ara rẹ̀ ò yá."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Wọ́n wò mí. "Àbí mo ṣì í tẹ̀ ni?"

"Ẹ ò ṣì í tẹ̀."

"Ó ṣe wá dákẹ́?"

"Ẹ kọ òmíràn sí i, tẹ́ ẹ bá fẹ́." Mo sọ ọ́ torí mo mọ̀ pé wọn ò ní ṣe é.

"Èmi? Ní ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, kí n máa sáré tẹ̀lé ọkùnrin? Mo ti sọ tèmi."

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, òmíràn dé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo rí orúkọ rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, mo rí i pé ó gùn. Mi ò ṣí i. Ẹ má bi mí léèrè ìdí rẹ̀. Bí mo bá kà á, màá mọ̀, mi ò sì fẹ́ mọ̀. Mo pa á rẹ́ bẹ́ẹ̀, láìkà.

Láti ìgbà náà, ilé wa dákẹ́. Lọ́jọ́ kan mo dé, mo bá tábìlì ìgéṣọ tó mọ́ tónítóní. Wọ́n ti fi aṣọ tútù nu gbogbo lẹ́tà orí rẹ̀ kúrò. Aṣọ aláwọ̀ ewé ti wọ inú àpótí lọ. Láàárọ̀, wọ́n ṣì ń kan ilẹ̀kùn mi lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ nǹkan kan mọ́, wọ́n á kàn kọjá lọ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, a ó jókòó ní pálọ̀, a ó jẹun, ìró ṣíbí nìkan lẹ ó máa gbọ́. Wọn ò ní lọ mọ́. Ohun tí mo jà fún ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì jókòó tì í, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi í ṣe.

Ibi tí mo wà nìyẹn tí Tíṣà fi yà ní ṣọ́ọ̀bù mi.

"Alámì, àwọn èèyàn mi fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ta ni mo tún fẹ́ pè? Ẹ bá mi wá lọ́jọ́bọ̀."

Mo fẹ́ kọ̀. Ẹnu mi ló gbà.

Yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé ò tóbi. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà wà lórí tábìlì gígùn kan, fáànù kan ń yí lókè. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí àga tó kángun sí ògiri. Nọ́ọ̀sì ló fi ẹ̀bẹ̀ mú wọn padà wá sí kíláàsì, ó ní ẹni tó ti dé ìdajì odò kì í padà. Mo dúró sẹ́yìn, mo ń dúró de ìgbà tí wọn yóò pè mí.

"Kí Alámì tó bẹ̀rẹ̀," Tíṣà ní, "ẹ jẹ́ ká parí ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ta ló ti pa nǹkan rẹ́ rí, tó wá kábàámọ̀?"

Wẹ́dà nawọ́. "Èmi ni. Lẹ́tà tí ọmọ-ọmọ mi kọ́kọ́ kọ sí mi. Ìka mi nípọn jù."

"Kò lọ ibì kankan, bàbá. Nígbà tí mo ń gbé lẹ́tà kiri, tí a ò bá rí ẹni tó ni lẹ́tà, a kì í dáná sun ún. Àpótí kan wà lẹ́yìn tí a ń kó o sí. Kọ̀ǹpútà náà ní tirẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni lẹ́tà tí ẹ bá pa rẹ́ fi ń jókòó síbẹ̀ kó tó lọ pátápátá. Ẹ wo ọwọ́ òsì yín, ẹ wá àwòrán garawa kékeré yẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ẹ gbọ́ o, èmi tí mo ti ń tẹ̀wé láti ọdún mọ́kàndínlógún, mi ò mọ̀. Ní tèmi, ohun tí mo bá ti pa rẹ́ ti parẹ́ nìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ lọ́kàn. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìkejì jẹ́ méjìdínlógún, ó lé díẹ̀.

"Mo rí i!" Wẹ́dà lọgun. "Ọmọ mi rè é! Ọmọ mi rè é o!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Láàárín ẹ̀rín yẹn ni mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi.

"Tíṣà, èmi ò pa nǹkan kan rẹ́ rí. Kí ló dé tí méjì wà nínú tèmi?"

"Ẹ ṣí wọn, ẹ kà á."

Ó yẹ kí n jáde. Ilẹ̀kùn wà lẹ́yìn mi gan-an. Mi ò jáde.

Wọ́n kà á sókè, díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń kàwé. "'Mo rí iṣẹ́ yín. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yín ni láti kọ̀.'" Wọ́n dúró. "Kí ni mo kọ̀?"

Wọ́n ṣí èkejì.

"'Mo ní mi ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́. Ẹ forí jì mí, ẹ̀ẹ̀kan yìí ló kù. Bó bá jẹ́ nítorí àbúrò yín lẹ ṣe kọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ò lè fi òun nìkan sílẹ̀, mi ò sì ní bẹ̀ yín kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé mi, fèrèsé rẹ̀ fẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kì í tán níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kó máa fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, kó máa tẹ̀wé rẹ̀ níbẹ̀. Mo ti kan tábìlì sí i. Mo fẹ́ kó bá ẹ̀yin méjèèjì lójijì ni mi ò ṣe sọ tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbèrò yàrá yìí o. Mo ti... mo ti...'"

Wọ́n sún awò ojú wọn sókè, wọ́n tún wò ó. Wọ́n wá yíjú sẹ́yìn.

"Alámì. Wá bá mi ka èyí."

Mo lọ. Ìka wọn wà lórí ibẹ̀. Káfíńtà náà kì í fi àmì sí tirẹ̀. "Mo ti ko o," ló kọ.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń pè é?"

"Mo ti kọ́ ọ," mo ní. "Ó ti kọ́ yàrá náà tán."

Wọ́n di eku yẹn mú, wọ́n wá ibi tí lẹ́tà tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ máa ń wà. Tíṣà ti kọ́ wọn dáadáa. Wọ́n ṣí tiwọn, èyí tí wọ́n fi ogún ìṣẹ́jú tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi. "Mo ti ko o."

"Èyí ńkọ́? Báwo lòun ṣe pè é?"

"Ó pè é ní mo ti kọ̀ ọ́."

"Ìwọ náà mọ̀ pé ó lè pè é bẹ́ẹ̀?"

"Mo mọ̀."

"Mo bi ọ́ bóyá ó pé. O ní ó pé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló pa méjèèjì yìí rẹ́?"

"Èmi ni."

"Yéè!" Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Wẹ́dà ń wo ilẹ̀. Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, kò sì sí ohun tó wà lára rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde lórí àga. "Jókòó," wọ́n ní. "Fi àmì sí i. Ṣebí torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe pè ọ́ wá. Kí gbogbo èèyàn kọ́ ọ."

Mo jókòó. Mo tún ọ̀rọ̀ wọn tẹ̀ látòkè délẹ̀, mo fi gbogbo àmì rẹ̀ sí i, èyí tó lọ sókè, èyí tó sọ̀ kalẹ̀, àwọn ti abẹ́. Mo ń ṣàlàyé bí mo ṣe ń ṣe é, nítorí Tíṣà ní kí n wá kọ́ wọn, ẹnu mi kò sì mọ ohun mìíràn tí yóò ṣe. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù títí dòní, pé ọwọ́ mi ò gbọ̀n rárá. Nígbà tí mo ṣe tán, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ ìlà kan sí i lábẹ́, wọ́n sì fi ránṣẹ́ fúnra wọn. Mi ò rí ohun tí wọ́n kọ.

Nílé, mo kúnlẹ̀.

"Dìde, ilẹ̀ tutù."

"Ẹ bú mi."

"Mi ò ní èébú fún ọ." Wọ́n ń ká aṣọ oníbàárà kan. "Ohun kan ni mo fẹ́ mọ̀. Èkejì yẹn, ṣé o kà á kó o tó pa á rẹ́?"

"Mi ò kà á."

Wọ́n mi orí. "Ká ní o kà á ni, ò bá ti mọ̀ pé àwa méjèèjì fẹ́ràn ẹ."

Ibẹ̀ ló ti yẹ kí n sọkún. Mo dúró de ẹkún náà lórí ìkúnlẹ̀ mi títí, kò wá.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, Káfíńtà sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wọ aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ síta, ó ku tábìlì ìgéṣọ. Káfíńtà rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fi ohùn ńlá àwọn tí kò gbọ́rọ̀ kí mi.

"Alámì! Ẹrù tìẹ dà? Yàrá ń dúró dè ọ́ o!"

Ẹ̀gbọ́n mi ló mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sórí tábìlì kó lè kà á: "Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ níbí." Wọ́n fi àmì sórí gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tó yẹ̀. Káfíńtà kà á, àánú mi ṣe é, ó ní kí n má ṣe iṣẹ́ para mi. Mo wá rí i pé wọn ò sọ ohun tí mo ṣe fún un, wọn ò sì ní sọ ọ́ láéláé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń pe Káfíńtà ní "wọ́n".

Ẹ̀gbọ́n mi kò gbá mi mọ́ra. Wọ́n ní kí n máa rántí ti gáàsì kí n tó jáde, wọ́n sì wọ ọkọ̀.

Ó ti ju oṣù mẹ́jọ lọ báyìí. Wọ́n máa ń kọ̀wé sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. "Ara wa le. Ṣé ara rẹ náà le? Ó dàárọ̀." Àmì rẹ̀ pé pérépéré, kò ku ọ̀kan. Ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ló wà nínú yàrá onífèrèsé ńlá yẹn. Wọn ò pè mí ní Jòjòló nínú ọ̀kankan nínú àwọn lẹ́tà náà.

Ẹ̀yin tí ìyá yín ń fún ní fóònù pé kẹ́ ẹ bá òun kà á, ẹ̀yin tí bàbá yín ń sọ ọ̀rọ̀ fún kẹ́ ẹ bá òun tẹ̀ ẹ́, ẹ kà á bó ṣe wà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ọ fúnra wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn bí nǹkan kan bá kù. Mi ò ní ju ìyẹn lọ láti sọ fún yín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sí oníbàárà. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ìka mi kàn lọ fúnra rẹ̀, ó ṣí ojú ibi tí èèyàn ti ń wọ ímeèlì ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò wá nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ mi ṣì ń ṣí i. Mo tẹ jojolo.

Ó kọ̀. Èyí, mo mọ àmì tó wà lórí ẹ̀.